Orúkọ Ìdílé Òyìnbó tí Ó Di Orúkọ Àkọ́kọ́: Ìwádìí láti Ìwó dé Sàró

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ náà sì fìdí múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dénú, bí a bá ti dárúkọ ọmọ kan fún un, yóò ti mọ̀ nínú ohun tí ojú àwọn òbí ọmọ náà rí kí ó tó wáyé: bóyá àbíkú ti fi ilé náà ṣe ibùjókòó tẹ́lẹ̀, bóyá oyè tí ó ti ṣí kúrò ní agbo-ilé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà, tàbí bàbá àgbà kan ni ó papò dà tí ọmọ tuntun sì tẹ̀lé e wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ orúkọ kan ti wà láàrin wa láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí ènìyàn ìbáà wo ilé ọmọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní rí ìdí wọn níbẹ̀. Jefferson ń bẹ nínú wọn, Babington ń bẹ níbẹ̀, àti Wilberforce, Wesley, Gladstone, Nelson, Winston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Orúkọ ìdílé ni gbogbo wọn kí wọ́n tó di orúkọ tí à ń pe ẹnì kan ṣoṣo. Ilé ẹlòmíràn ni a wò kí a tó sọ wọ́n. Ilé tí a wò yẹn, ẹni tí ó wò ó, àti ohun tí ó rí níbẹ̀ tí ó fi gbé e lé ọmọ tirẹ̀ lórí, ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ìwó olódò Ọbà, ìlú odídẹrẹ́, ni mo fẹ́ ti mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Èyí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí ìlú onímọ̀ kéwú ni Ìwó láti ìgbà pípẹ́ wá. Olúwòó Mọ́mọ́dù Lamúyẹ ti ń ṣe ẹ̀sìn Islam lórí ìtẹ́ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn orúkọ bíi Ràjí, Lámídì àti Sùnmọ́nù ni etí sì ń gbọ́ jù ní àwọn agbo-ilé rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀ orúkọ òyìnbó kan wà tí gbogbo ọmọ Ìwó, ìbáà ṣe mùsùlùmí, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, mọ̀ bí ẹni mọ owó, orúkọ náà sì ni Bowen. Ní ọdún 2001 ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ láti dá Yunifásítì Bowen sílẹ̀, ní ọdún 2002 ni ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti ìjọ náà ti wà tipẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe ìrántí rẹ̀ ni Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a bí ní ọdún 1814, tí ó ti ṣe jagunjagun kí ó tó di oníwàásù, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850, tí ó dúró ní Abẹ́òkúta títí ọ̀nà fi là, tí ó kọ́ ilé ìjọsìn sí Ìjàyè, tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tí àìsàn sì lé e padà sí ìlú rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní 1858 ni ilé ìmọ̀ Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde, ìwé tí ẹni tí ó bá ń wádìí èdè wa kò gbọdọ̀ fojú fò dá.

Orúkọ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ń jẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ní ẹ̀yìn. Thomas ti inú èdè Árámáíkì wá, ìbejì ni ìtumọ̀ rẹ̀; ní ọ̀dọ̀ wa, orúkọ àmútọ̀runwá ni irú èyí ìbá jẹ́, kò sì sí òbí Yorùbá tí orí rẹ̀ pé tí yóò pe ọmọ tí ó dá wá ní Táíwò, ṣùgbọ́n nítorí pé àpọ́sítélì kan jẹ́ ẹ, gbogbo ayé onígbàgbọ́ sọ ọ́ di orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè jẹ́. Bowen jẹ́ orúkọ àwọn ará Wales, àwọn aládùúgbò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní èdè tiwọn. Ab Owain ni wọ́n ń sọ láyé àtijọ́, èyíinì ni ọmọ Owain, kí ẹnu tó so ó pọ̀ di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ti àárín, Jefferson, ni ó kan wa gan-an. Ọmọ Jeffrey ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ ìdílé pọ́ńbélé ni, a kò sì bí ọkùnrin wa sínú ìdílé náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí wọ́n bí i, Thomas Jefferson tí ó ṣe Ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1801 sí 1809 ṣì wà láàyè, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ Thomas àti Jefferson tí wọ́n tẹ̀ léra nígbà náà tí kò ní mọ ẹni tí a fi ọmọ náà júbà fún. Ó wá di pé ọkùnrin kan gbé ọmọ Jeffrey àti ọmọ Owain pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ó tó gbé méjèèjì sọdá òkun wá sí ilẹ̀ Yorùbá.

Bí a bá fẹ́ mọ bí orúkọ ìdílé ṣe ń kúrò ní ẹ̀yìn wá sí iwájú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní in rárá, nítorí wọn kò bí i mọ́ wọn. Kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní ọdún 1066, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń jẹ́, bí ti àwọn baba ńlá wa. Lẹ́yìn náà ni ìwé ilẹ̀, ìwé ogún àti ìwé owó orí bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀, tí John mẹ́wàá sì wà ní abúlé kan, tí ó wá di dandan kí a wí pé John ti ibi báyìí, John ọmọ lágbájá, John oníṣẹ́ báyìí, títí ohun tí a fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì fi di ogún tí àwọn ọmọ ń jẹ. Ìdí nìyí tí kò fi sí orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ní ilẹ̀, bàbá, iṣẹ́ tàbí àbùdá ara lẹ́yìn. Wilberforce, tí àwọn baba wa fi sọ ọmọ nítorí William Wilberforce tí ó bá òwò ẹrú jà ní ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, abúlé Wilberfoss ní Yorkshire ni ó ti wá, kòtò ilẹ̀ obìnrin kan tí ń jẹ́ Wilburh ní ayé àtijọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ obìnrin tí ayé ti gbàgbé ṣe sá pamọ́ sínú orúkọ akọni ọkùnrin. Gladstone, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Sàró, èyíinì ni Sierra Leone, fi júbà fún William Gladstone tí ó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà mẹ́rin, àpáta àwòdì ni. Ní Scotland ni àpáta náà wà. Wesley, tí Ìjọ Elétò gbé dé ọ̀dọ̀ wa, tí ó sì wà lára kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1905 àti ilé ìwòsàn ńlá Iléṣà, pápá ìwọ̀-oòrùn ni. Nelson jẹ́ ọmọ Neil.

Crowther sì ńkọ́? Gbogbo wa mọ̀ pé Àjàyí ni ọmọ náà ń jẹ́ nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, àti pé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìsàmì ní Sàró, tí a fi orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate Street ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ọ́. Ohun tí kì í wá sí ọkàn ènìyàn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni orúkọ náà: ẹni tí ń fa ohun èlò orin olókùn kan tí wọ́n ń pè ní crwth ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè ní crowther. Bí ó bá jẹ́ láàrin wa ni wọ́n ti ṣẹ̀, ìdílé onígòjé ni à bá máa pè wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó fi èdè Yorùbá sínú ìwé fún wa ń jẹ́ orúkọ olórin, ó sì di Àjàyí mú pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀.

Bí orúkọ ìdílé ṣe wá ń di orúkọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí obìnrin gbọ́. Ní ọdún 1554 ni wọ́n bẹ́ orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Guildford Dudley, ọkọ Lady Jane Grey tí wọ́n gbé gorí ìtẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Dudley ni ìdílé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Jane Guildford, ni ó ni orúkọ tí ó wà níwájú. Àṣà wọn láyé ìgbà yẹn ni pé bí obìnrin bá ti wọ ilé ọkọ, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ ẹ mọ́ láé. Nígbà náà ni àwọn ìdílé ńlá rí ọgbọ́n dá, wọ́n gbé orúkọ ìdílé ìyá sí iwájú ti bàbá, kí ó má baà parẹ́. Bákan náà ni Winston ṣe wọ ìdílé Churchill: Sir Winston Churchill àkọ́kọ́, tí a bí ní 1620, Sarah Winston ni ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti ń bọ̀ títí ó fi kan olórí ìjọba tí ó bá Hitler jà ní ogun ńlá. William Camden, òpìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1605 pé láti ìgbà Ọba Edward Kẹfà ni àṣà náà ti gbilẹ̀, pé kò sì sí ibòmíràn láàrin àwọn onígbàgbọ́ tí a ti ń ṣe é, àti pé àwọn bàbá ìsàmì tí wọ́n fẹ́ kí orúkọ tiwọn wà lára ọmọ ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé àwọn baba wa ti yanjú ọ̀ràn tí ó dà àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàmú, tí wọn kò sì nílò láti yí orúkọ kan padà. Obìnrin Yorùbá kì í bọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ọmọ Òpómúléró tí a gbé fún ọmọ Oníkòyí, bí ó bá bímọ, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò ti máa ki ọmọ náà ní oríkì ilé bàbá tirẹ̀, àwọn ìyàwó ilé yóò sì fi ti Oníkòyí kún un, ọmọ náà yóò sì dàgbà tán kí ó tó mọ̀ pé agbo-ilé méjì ni òun ń jẹ́ nígbà kan náà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ṣe, oríkì ni àwa fi ń ṣe é, ó sì rọ ọmọ lọ́rùn ju orúkọ lọ, nítorí a kì í kọ ọ́ sínú ìwé ìlú tí ẹlòmíràn yóò fi bi í léèrè pé ọmọ ta ni. Obìnrin pàápàá wá gba àṣà fífi orúkọ ìdílé ṣe orúkọ àkọ́kọ́ láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó yá: Shirley, tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń jẹ́ ní ìlú wa, orúkọ ìdílé àti ti ọkùnrin ni títí Charlotte Brontë fi fún akọni obìnrin inú ìtàn rẹ̀ ní 1849.

Sàró ni ọ̀rọ̀ náà ti bá àwa Yorùbá wọ ìjà àti ìmúlẹ̀. Lẹ́yìn òfin 1807 tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa gba àwọn tí wọ́n ń kó lọ lójú omi, wọn a sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Freetown, níbi tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Òwu àti àwọn ìlú tí ogun ti tú. Níbẹ̀ ni a ti ń fi orúkọ alákòóso, ti oníwàásù, ti oníṣòwò àti ti ọ̀rẹ́ ìjọ sọ àwọn ọmọ. Ohun kan wà tí ó ń dun ni nínú ìtàn yìí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ó ti rí: ẹgbẹ́ àwọn oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní CMS ṣe ètò kan fún àwọn olóore tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tí ó bá lè máa dá pọ́ùn márùn-ún lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ọmọ kan, òun ni yóò yan orúkọ tí ọmọ náà yóò máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sọ ní Adéòtí tàbí Abíọ́nà ní ọjọ́ kẹjọ, tí a fi oyin àti iyọ̀, obì àti orógbó gbàdúrà fún, yóò dédé gba orúkọ ẹni tí kò rí rí, tí kò sì ní rí. Oore ni wọ́n ṣe. Oúnjẹ, aṣọ àti ẹ̀kọ́ dé ọwọ́ ọmọ náà, a kò sì gbọdọ̀ ṣe abaraámóorejẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ láìwo ilé rẹ̀, ó ti bu ohun kan kúrò lára rẹ̀ tí pọ́ùn márùn-ún kò lè rà.

Nínú gbogbo orúkọ tí ó ti Sàró bọ̀, Babington ni ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀ jù lójú mi, ó sì sún mọ́ Ìwó ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ní Northumberland, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan ti wà rí ní ayé àtijọ́ tí ń jẹ́ Babba. Ìletò tí a so mọ́ orúkọ rẹ̀ di Babington, èyí tí wọ́n ń pè ní Bavington lónìí, ìdílé tí ó ti ibẹ̀ dìde sì ń gbé orúkọ náà kiri títí ó fi kan Thomas Babington, ọlọ́lá kan tí ó ń gbé ní Rothley Temple ní Leicestershire, tí ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Wilberforce. Babington yìí gbé arábìnrin Zachary Macaulay níyàwó, Zachary tí ó ṣe gómìnà Sàró láti 1794 sí 1799. Nígbà tí aya Zachary bímọ ọkùnrin sí ilé àna rẹ̀ ní Rothley Temple ní oṣù kẹwàá ọdún 1800, orúkọ onílé ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ náà sì di Thomas Babington Macaulay, òpìtàn àti aṣòfin tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Íńdíà, níbi tí ó ti gba ìjọba níyànjú ní 1835 pé kí a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Macaulay pẹ̀lú, èdè àwọn ará òkè Scotland ni, ọmọ Olaf ni ìtumọ̀ rẹ̀, Olaf sì jẹ́ orúkọ àwọn atukọ̀ ogun láti Norway tí wọ́n ti gba àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn rí.

Wàyí o, ní oṣù kìíní ọdún 1826, ní Kissy lẹ́bàá Freetown, a bí ọmọkùnrin kan fún tọkọtaya Yorùbá tí wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú. Ìtàn ìdílé náà tí a kọ sílẹ̀ sọ pé Òjó Oriare ni bàbá, ará Ìkìrun ni. Kilangbe ni ìyá, Ilé-Ogbó ni ó sì ti wá. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ yìí mọ̀ pé Ilé-Ogbó kò jìnnà sí Ìwó, ará ọjà kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì ń wo ojú ara wọn. Ọmọ Kilangbe yìí ni a sọ ní Thomas Babington Macaulay, orúkọ tí ó bá ti ọmọ gómìnà àtijọ́ mu wẹ́kú, láìku ẹyọ kan. Orúkọ Babba, ará Northumberland, tí ó ti di ìletò, tí ó ti di ìdílé, tí ó ti di orúkọ àna, tí ó ti di orúkọ ọmọ àna, ni ó wá bà lé orí ọmọ ará Ìkìrun àti Ilé-Ogbó ní etí òkun Sàró, láìsí pé ẹ̀jẹ̀ kan so èyíkéyìí nínú wọn pọ̀ mọ́ èkejì láti ìdí dé òkè.

Ọmọ náà kò sì ba orúkọ jẹ́. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó kàwé ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé Abigail, ọmọbìnrin Àjàyí Crowther, níyàwó, àti ní oṣù kẹfà ọdún 1859 ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama CMS sílẹ̀ ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ẹni tí ó fi àádọ́ta pọ́ùn ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ni James Pinson Labulo Davies, ọmọ Sàró tí òun pẹ̀lú gbé orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí àárín, Pinson, tí ó jẹ́ orúkọ ẹyẹ kékeré kan tí ń kọrin ní ilẹ̀ Faransé, tí ó sì fi orúkọ ilé rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Arákùnrin Abigail, tí ó di Áṣídíákónì ní àgbègbè ẹnu Odò Ọya, ni Dandeson Coates Crowther, tí a bí ní 1844. Orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù ni bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Dandeson jẹ́ ọmọ Dand, Dand sì ni àwọn ará Scotland fi ń pe Andrew ní àpèkẹ́. Nígbà tí Babington Macaulay àti Abigail wá bí ọmọ tiwọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1864, Herbert Samuel Heelas ni wọ́n sọ ọ́, Samuel láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, Heelas láti inú orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì mìíràn.

Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ Sàró wọ̀nyí fi jí. William Davies ní Freetown pa orúkọ rẹ̀ dà sí Orishatukeh Faduma ní 1887. Edmund Macaulay di Kítóyè Ajàṣà, Jacob Samuel di Adégbóyèga Ẹ̀dún. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan àwa ará Ọ̀ṣun jù ni ti David Brown Vincent, tí a bí ní Iléṣà ní 1860, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìjọ Bowen gan-an, tí ó wà lára àwọn tí wọ́n yapa ní 1888 láti dá ìjọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń darí sílẹ̀ ní Èkó, tí ó sì kó Brown àti Vincent dànù pọ̀ ní 1894 láti máa jẹ́ Mọjọlá Agbébí. Aṣọ òyìnbó bá orúkọ òyìnbó lọ lára rẹ̀. Mo bu ọlá fún ìgbésẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà pé òun nìkan ni ọ̀nà tí ó tọ́, nítorí bí gbogbo wọn bá ti pa orúkọ dà, à bá ti pàdánù ẹ̀rí tí ó fi hàn wá ibi tí ojú àwọn baba wa ti là kọjá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé onígbàgbọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá, kí ó padà wá sí Ìwó. Bùhárí tí afáà pè sí etí ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ, tí a pa àgbò lé lórí, kì í ṣe orúkọ ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ará Bukhara ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìlú kan ní Uzbekistan òde òní, nítorí ibẹ̀ ni Imam Muhammad ọmọ Ismail, tí ó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, ti wá, ẹni tí a bí ní 810 tí ó sì kú ní 870. Sànúsí pẹ̀lú jẹ́ orúkọ ẹ̀yà tí olùkọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run kan ní Tlemcen ti jáde, ẹni tí ìwé rẹ̀ nípa ìgbàgbọ́ ti di ohun tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń kà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ọ̀pọ̀ ọdún. Mùsùlùmí Ìwó tí ó sọ ọmọ ní Bùhárí àti onítẹ̀bọmi tí ó sọ ọmọ ní Wesley, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: àwọn méjèèjì mú ibi tí olóore wọn ti wá, wọ́n fi í dá orí ọmọ lọ́lá.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ìdàkejì tí àwọn onímọ̀ kò tíì kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ní àkókò kan náà tí orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì ń di orúkọ àkọ́kọ́ láàrin wa, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé owó orí ń sọ orúkọ àbísọ wa di orúkọ ìdílé. Adéwálé tí a fi sọ bàbá àgbà nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí a bí i ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ títí lọ, ìbáà jẹ́ pé adé kan kò wá sí ilé ní ọjọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́, orúkọ tí ó wà níwájú ń sọ ìtàn ilé òyìnbó, èyí tí ó wà lẹ́yìn ń sọ ìtàn bàbá àgbà, kò sì sí èyí tí ó sọ ìtàn ọmọ fúnra rẹ̀. Wọn kì í bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà. Nelson Mandela, tí Rolihlahla jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, olùkọ́ rẹ̀ ni ó pè é ní Nelson ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì dàgbà, ó darúgbó, kò mọ ìdí rẹ̀.

Èrò tèmi nìyí. Orúkọ ìdílé òyìnbó tí ó di orúkọ àkọ́kọ́ kì í ṣe àbísọ, kì í ṣe àmútọ̀runwá, kì í ṣe oríkì, kò sì bá ìnagijẹ dọ́gba. Ìsọ̀rí tirẹ̀ ni ó yẹ kí a fi í sí, mo sì dábàá pé kí a máa pè é ní orúkọ ìmoore, nítorí ọpẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀, yálà òbí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dú u tàbí wọ́n gbé e fún un. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn moore. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí a bá fẹ́ dá, ẹnu àgbà ni ó yẹ kí ó ti jáde, kì í ṣe kí a dì í lé ọmọ lórí kí ó máa rù ú kiri ní ayé rẹ̀ láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí yóò bá jẹ́ Jefferson, kí a wí fún un pé ọmọ Jeffrey ni ìtumọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí a torí rẹ̀ sọ ọ́; kí a sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó ti inú ilé tirẹ̀ jáde pẹ̀lú, kí ìyá rẹ̀ sì ní oríkì tí yóò fi máa jí i. Ọmọ Babington Macaulay, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Herbert, ni a kọ orúkọ rẹ̀ pé Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Badmus Macaulay: Yorùbá ni ó ṣíwájú, Gẹ̀ẹ́sì àti Islam tẹ̀ lé e, ọmọ Olaf kẹ́yìn. Irú ìtò bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó dára.

Iṣẹ́ kan wá kù tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn ìwé ìsàmì àtijọ́ ń bẹ ní àwọn ìjọ Ìwó, Ilé-Ogbó, Ìkìrun, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Iléṣà. Àwọn Bíbélì ìdílé tí bàbá àgbà fi ọwọ́ kọ orúkọ ọmọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ wọn ń bẹ nínú àpótí. Àwọn afáà pẹ̀lú ní ìwé tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìsọmọlórúkọ. Mo bẹ àwọn olórí ìjọ, àwọn ìmáàmù àti àwọn olórí ẹbí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti ti èdè Yorùbá wá da wọ́n kọ, kí ikán tó bá wa kà wọ́n tán.